Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, láti Detroit

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Látìgbà tí o ti kọ̀wé pé ẹbí fẹ́ wó ilé bàbá yín àgbà ni ọkàn mi ò ti lélẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún lọ sí òpópónà Heidelberg, níbi tí wọ́n ti sọ àwọn ilé ahoro di iṣẹ́ ọnà, ní Sátidé tó kọjá.

Apá ìlà-oòrùn Detroit níbí ló wà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 1967, ọ̀pọ̀ èèyàn kó kúrò, ilé wọn sì di ahoro. Ní 1986, Tyree Guyton, oníṣẹ́ ọnà tó dàgbà ní òpópónà yẹn gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ àgbà, Sam Mackey, tó jẹ́ pẹ́ńtà. Ohun táwọn èèyàn dànù ni wọ́n kàn mọ́ ara àwọn ahoro náà: ọmọláńgidi, bàtà, irin ọkọ̀. Wọ́n kun ilé kan ní àmì róbótó-róbótó aláràbarà, o máa rí i látòkèèrè.

Àwọn bàtà ló mú mi dúró. Bàbá àgbà yẹn ti sọ fún Guyton nípa àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n so rọ̀ sórí igi ní gúúsù Amẹ́ríkà, pé àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn lèèyàn máa ń rí láti ìsàlẹ̀. Guyton wá so bàtà rọ̀ sórí igi. Àdùkẹ́, omi bọ́ lójú mi. Ká ní inú ilé ọnà kan ni wọ́n kó o sí, bóyá mi ò bá ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni mo wà, mo ní láti gbójú sókè.

Ìjọba ìlú gbé katakata wá wó lára àwọn ilé ọlọ́nà náà ní 1991, wọ́n tún wá ní 1999. Ní 2013, iná jó ilé tí wọ́n fi àwo orin bò látòkèdélẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé mi ò rí ìyẹn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ kun ilé yín o. Ṣùgbọ́n bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n fi ògiri iwájú sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìyá àgbà ti máa ń ta ẹ̀kọ fún wa, kó dúró síbẹ̀ lójú pópó. Tí wọn ò bá gbà, bá mi yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ pamọ́. Mo ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, màá wá gbé e.

Èmi ni,
Àjọkẹ́