Lẹ́tà sí Ìyá Dúró, láti Seinäjoki ní Finland

Ìyá Dúró mi ọ̀wọ́n,

Àárò rẹ ń sọ mí. Bàbá Táyọ̀ ti ríṣẹ́ mìíràn, ẹsẹ̀ mi sì ti san. Ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Táyọ̀ mú iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀ lórí ẹgbẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lapua, ìlú kékeré tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1929, àwọn ọ̀dọ́ kọ́múníìsì wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa wá ṣèpàdé níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì fa aṣọ náà ya mọ́ wọn lára. Báyẹn ni ẹgbẹ́ tí ó kọ kọ́múníìsì náà ṣe bẹ̀rẹ̀; àgbẹ̀ kan, Vihtori Kosola, ni ó di aṣáájú wọn. Ní oṣù keje ọdún 1930, ọkùnrin tí ó lé ní 12,000 tẹ̀ lé e wọ Helsinki, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, òfin tí wọ́n ń fẹ́ láti fi de àwọn kọ́múníìsì ti jáde.

Ohun tí ó dẹ́rù bà mí ni mọ́tò. Ẹni tí wọn kò bá fẹ́, wọn á já a gbé, wọn á lù ú, wọn á wà á dé ẹnubodè Rọ́ṣíà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ståhlberg, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ ilẹ̀ yìí, ń nasẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ká wọn mọ́, ó di Joensuu, ìlú kan ní apá ìlà-oòrùn. Bí wọ́n bá lè gbé ààrẹ àná, ta ni èmi tí ń dúró de bọ́ọ̀sì ní ìdájí? Mo sọ fún Bàbá Táyọ̀ pé tèmi á ni wọ́n lára, nítorí Sẹ̀mẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí ibí. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde lóru láti lọ wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Wọn kò pẹ́. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 1932, wọ́n kó ìbọn jọ sí ìlú Mäntsälä pé kí ìjọba kúrò, Ààrẹ Svinhufvud, tí àwọn fúnra wọn tì lẹ́yìn, sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kí kálukú máa lọ sílé, wọ́n sì tú ká. Òfin tí wọ́n torí àwọn kọ́múníìsì pariwo fún ni ìjọba fi de àwọn náà.

Táyọ̀ wá bi mí pé níbo ni àwọn 12,000 náà wọlé sí lẹ́yìn náà. Mo ní oko wọn ni, àti ilé wọn. Ó wo ojú fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Jọ̀wọ́, bá mi béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ ní apá Akóbò báyìí. Bí Bàbá Táyọ̀ bá pè ọ́, má sọ fún un.

Èmi ni,
Ìyá Táyọ̀