Ó yẹ kí atọ́kùn ètò ka ìwé kí òǹkọ̀wé tó dé

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀ jáde dá lórí bí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa ṣe ń fọ̀rọ̀ wá àwọn òǹkọ̀wé lẹ́nu wò nígbà tí ìwé wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo gbọ́ ìkéde pé obìnrin kan ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìtàn àròsọ tí ó kọ ní èdè Yorùbá, nípa ìdílé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó ń ṣòwò ní Tamale, ní àríwá Gánà, tí wọ́n sì padà wálé ní ọdún 1969. Tamale ni wọ́n bí èmi náà sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Gánà, ọ̀pọ̀ agboolé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó sì ní ẹni tí ó bá ìrìn àjò náà bọ̀. Mo ti jókòó ti rédíò mi kí àkókò ètò náà tó tó.

Ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" wà nínú àkọlé ìwé yìí, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó ìdílé náà wálé, ṣùgbọ́n àwọn atẹ̀wé kò fi àmì ohùn sí i lórí èèpo ìwé. Atọ́kùn ètò pè é ní "ọkọ". Ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni irú ọkùnrin tí ó yẹ kí ọmọbìnrin òde òní fẹ́. Ó tún bèèrè bóyá bàálé òǹkọ̀wé náà gan-an ni ó ń bá wí nínú ìwé rẹ̀. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi sùúrù dáhùn pé, "Ẹ má bínú sà, ọkọ̀ ni, ọkọ̀ tí à ń wọ̀." Kí ó tó sọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n ti gbé ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wọlé. Nígbà tí wọn yóò fi padà dé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ó kù, ìkíni ni wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọn kò dárúkọ Tamale lẹ́ẹ̀kan.

Ó dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, àti pé ẹlòmíràn nínú wọn ni ó ń ka ìròyìn, tí ó tún ń wá onígbọ̀wọ́ kiri. Ṣùgbọ́n ká ní ojú ìwé kìíní péré ni atọ́kùn yẹn kà, ìbá bá ọkọ̀ náà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Atọ́kùn ni ó wà níbẹ̀ láti gba ẹnu wa bèèrè ohun tí à bá bi òǹkọ̀wé bí ó bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Èmi ìbá bi í léèrè ìdí tí bàbá inú ìtàn náà kò fi yé sọ Dagbani, èdè àwọn ará Tamale, sí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti délé. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ó papò dà ní ọdún 2017, jẹ́ òǹkọ̀wé, ó sì tún jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, nítorí náà ìwé àti rédíò kì í ṣe àjèjì síra wọn nílẹ̀ wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún gbọ́ ohùn obìnrin yìí lórí rédíò mìíràn nírọ̀lẹ́. Atọ́kùn ti ibẹ̀ ti ka ìwé náà tán, ó sì ní kí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ka ojú ìwé méjì sí wa létí. Ó ka ibi tí ìyá inú ìtàn náà ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lóru, tí ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítorí ọmọ kékeré tí kò ríbi jókòó. Àmì ohùn tí àwọn atẹ̀wé kò fi sí i, ẹnu rẹ̀ ni ó fi fi í sí i. Aládùúgbò mi kan, ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Tákíè, tí òun náà ti Gánà bọ̀ tí kò sì mọ̀wé, gbọ́ ọ láti ìta, ó sì wọlé láìkágò. Orí ìdúró ni ó wà títí wọ́n fi kà á tán, pẹ̀lú igbá ẹ̀lùbọ́ lórí rẹ̀, ó wá ní, "Olùkọ́, ẹ ní kí ó tún un kà."

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò ni pé kí wọ́n máa gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí yóò tọ́kùn ètò ráyè kà á, kí wọ́n sì ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ fún kíkà lórí afẹ́fẹ́. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé náà àti iye tí ó jẹ́, nítorí ilé ìtàwé mẹ́ta ni mo dé kí n tó rí i rà. Ojúgbà mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ san owó kí wọ́n tó gbà á sórí ètò, títí di òní ìwé rẹ̀ kò tíì pa iye yẹn wọlé. Bí owó bá pọn dandan, ọwọ́ àwọn tí ń polówó ọjà ni ó yẹ kí wọ́n ti gbà á.

Alaalẹ́ ni mo ń ka ìwé náà fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ báyìí. A ti la Togo kọjá, a ti wọ Dàhòmì, tí à ń pè ní Benin báyìí, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá ka èyí tí ó kù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.