Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wò fún inhibitor

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ní haemophilia ló gbé mi dé, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì. Tí wọ́n bá ti gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ factor VIII, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a máa ń rò pé ó ti parí nìyẹn, àmọ́ ara tí ò rí factor yẹn rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí i lè kà á sí ọ̀tá, àwọn sójà inú ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe inhibitor, ìyẹn antibody tó ń ba oògùn náà jẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Nínú àwọn tí haemophilia A (irú èyí tí factor VIII ò tó nínú ẹ̀jẹ̀) tiwọn le gan-an, bíi 3 nínú 10 ló ń ṣe, láàárín ọjọ́ 50 àkọ́kọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ló sì wọ́pọ̀ jù, ó tún ń ṣe àwa adúláwọ̀ ju àwọn òyìnbó lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, orúnkún ẹ̀ wú, abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, owó ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n ṣáà ní ká ra sí i, oṣù mẹ́ta gbáko kí ẹnìkan tó ní ká ṣe tẹ́ẹ̀sì Bethesda, èyí tí wọ́n fi ń wá inhibitor nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Wọ́n lè máa fún ọmọ ní factor náà déédéé títí ara á fi mọ̀ ọ́n lára, oògùn míì tó ń jẹ́ emicizumab náà wà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún un sí, inhibitor yẹn ò sì lè dí i lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹ̀ wọ́n gan-an. Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ má dúró dìgbà tí oògùn bá kọ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.