Èmi kọ́ ni mo ni ilé-iṣẹ́ náà o

Le Bourg-d'Oisans, ilẹ̀ Faransé
Ọjọ́ 6, oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Àlàáfíà ni mo wà. Lẹ́tà yín méjì ló wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì fèsì, ẹ má bínú. Àsìkò tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń wọ́ wá síbí nìyí, aago 5 òwúrọ̀ ni mo ń jí.

Kí n kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀. Owó páànù ń bọ̀. Iṣẹ́ àsìkò ni iṣẹ́ mi, láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìparí oṣù ni wọ́n sì ń sanwó. Bó bá ti wọlé, ẹ ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fi fọ́tò yẹn han Màmá? Ta ló sọ fún wọn pé eré kẹ̀kẹ́ ni mò ń fi owó òrùlé ṣe? Kẹ̀kẹ́ oníbàárà ni mo gùn nínú fọ́tò náà. Ẹni tó bá tún bíréèkì ṣe gbọ́dọ̀ gùn ún wò kó tó dá a padà fún olówó rẹ̀. Aṣọ tó fún mọ́ mi lára yẹn, aṣọ iṣẹ́ ni.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni lẹ́tà kejì. Ẹni tó ń ṣeré lójú Màmá ti di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lójú ọ̀gá yín. Ẹ ní ẹ ti sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́ tó ń mú èèyàn fi kẹ̀kẹ́ gun òkè, pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, n óò mójú tó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, mo sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀, n kò sì lè kọ ìwé ìpè fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ti fẹnu ṣèlérí, ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀, kí ojú má baà ti gbogbo wa.

Ìsinmi ni àwọn oníbàárà wa ń pe ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ yìí, àmọ́ òógùn ni wọ́n ń sanwó fún. Ohun tí owó yẹn ń rà ni pé kí ẹlòmíràn máa gbé gbogbo wàhálà yòókù, kí tiwọn jẹ́ pẹ́dáàlì nìkan. Ẹrù wọn ń ti hòtẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Omi àti oúnjẹ ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ ń rí ẹni bá a pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì rẹ̀ pátápátá ń wọ bọ́ọ̀sì. Èèyàn 14 la máa ń kó lẹ́ẹ̀kan. Amọ̀nà méjì wà lórí kẹ̀kẹ́: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Èmi ni mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá rò pé òun á di bọ́ọ̀sì mú kó máa fa òun gòkè, kó jókòó sílé. Bí ọwọ́ bá yọ̀, abẹ́ táyà ni onítọ̀hún ń lọ.

Ẹ ní kẹ̀kẹ́ asáré olówó gọbọi ni ọ̀gá yín ní. Ó dáa. Ẹ bá mi ka eyín gíà rẹ̀: èyí tó kéré jù níwájú, àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 39 níwájú, 25 lẹ́yìn, kí wọ́n yáa pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà ni 34 níwájú, 34 lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà náà, bí pẹ́dáàlì bá yí ẹ̀ẹ̀kan, táyà náà á yí ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn mítà 2 àti díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí i nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, èèyàn ń lọ ní kìlómítà 7 àbọ̀ ní wákàtí kan, eré tí àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lè sá gun Alpe d'Huez, òkè tí gbogbo wọn ń torí rẹ̀ wá síbí, láìkú nìyẹn. Lórí 39 àti 25, ní eré kan náà, pẹ́dáàlì kò ní yí tó 40. Gbogbo ìyókù, orúnkún ló ń gbà á. Bí wọ́n bá fẹ́ fi gíà tó tóbi sí i sẹ́yìn, kí wọ́n bi mẹkáníìkì wọn bóyá apá tó ń ti ṣéènì á lè gbé e, kó sì fi ṣéènì tó gùn sí i. Bí ṣéènì bá kúrú, ọjọ́ tí wọ́n bá fa gíà ńlá iwájú mọ́ gíà ńlá ẹ̀yìn ni nǹkan á ya.

Alpe d'Huez yẹn, kìlómítà 13.8 ni, ó sì fi ìdá 8 nínú 100 dà. Kọ́nà 21 ló ní, wọ́n fi nọ́ńbà sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, 21 ló wà nísàlẹ̀, 1 ló wà lókè. Wọ́n tún kọ orúkọ àwọn tó borí níbẹ̀ nínú ìdíje Tour de France sí i. Fausto Coppi, oníkẹ̀kẹ́ ará Ítálì, ló kọ́kọ́ gbà á, ní 1952. Kìlómítà méjì àkọ́kọ́ ló ń pa èèyàn, wọ́n dà kọjá ìdá 10. Ara ṣì tutù, àwọn ẹlẹgbẹ́ ń wò, oníkálukú á fò jáde bí ẹni tí ajá ń lé, nígbà tó bá fi dé kọ́nà 16, ó ti tán. Kí ọ̀gá yín jẹ́ kí gbogbo èèyàn yà wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á bá púpọ̀ nínú wọn lókè.

Òkè kejì, Galibier, le jù ú lọ. Láti Saint-Michel-de-Maurienne, òkè Télégraphe ni wọ́n ń kọ́kọ́ gùn, kìlómítà bíi 12. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí Valloire, wọ́n á rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: kìlómítà bíi 18 ló kù, orí rẹ̀ sì ga ní mítà 2,642. Plan Lachat ni mo máa ń páàkì sí, ibẹ̀ ku kìlómítà 8 sókè, ibẹ̀ ni òkè náà ti dójú kọ èèyàn gan-an. N kì í dúró ní ẹnu kọ́nà láé, bó ti wù kí ẹni tó ń bọ̀ máa ké omi tó.

Ní ti oúnjẹ, kí wọ́n má dúró de ebi. Ìgò omi kan ní wákàtí kan, àti nǹkan oníṣúgà tàbí oníyẹ̀fun tó tó gíráàmù 60 ní wákàtí kan, láti wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní ebi ò tíì pa òun, ní wákàtí kẹta ojú rẹ̀ á ṣú, ẹsẹ̀ á di òfo, bó bá sì jẹun nígbà náà, ó máa pẹ́ kí oúnjẹ náà tó dé ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọ̀gá ló pọ̀ jù nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kí èèyàn rán wọn létí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dẹ́rù bà mí. Gígun òkè kọ́ ni. Ìsọ̀kalẹ̀ ni.

Bí èèyàn bá di bíréèkì mú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru kò ráyè jáde. Lórí kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń fún ríìmù, ríìmù á gbóná débi tí tíúbù á fi bẹ́. Bó bá sì jẹ́ ríìmù kábọ̀nù, gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ lè rọ̀. Lórí èyí tó ní dísíìkì, àwo irin tí bíréèkì ń fún dípò ríìmù, bí ọ́ìlì rẹ̀ bá ti pẹ́, ó lè hó, wọ́n á fún bíréèkì dé ìdí, kò ní mú nǹkan kan. Kí wọ́n fún un gírígírí, fún ìgbà kúkúrú, kí wọ́n tó wọ kọ́nà, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Páàdì bíréèkì tó bá ti ku mílímítà kan, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di pé wọ́n wá. Páàdì tuntun náà ní ti tirẹ̀: kí wọ́n sáré dé kìlómítà 30 ní wákàtí kan, kí wọ́n rọra fún un títí eré á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, nígbà bí 20, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Páàdì tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í mú dáadáa, ariwo ló máa ń pa.

Òtútù ńkọ́? Bí a bá gòkè ní mítà 1,000, ooru ń lọ sílẹ̀ ní bíi dígírì 6 àbọ̀. Bó bá jẹ́ 24 ní Valloire, 16 ni lórí Galibier, aṣọ sì ti rin fún òógùn, wọ́n wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Ìka ọwọ́ á kú, ìka tó kú kò sì lè fún bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi ní àpò kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí, tó ń gbé e wá fún mi kí aago 7 àbọ̀ òwúrọ̀ tó lù: jákẹ́ẹ̀tì òjò, ìbọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, ẹ̀wù gbígbẹ kan. Orí gbogbo ẹrù ni mo ń kó wọn sí. Ẹni tó bá tì í sínú àpótí aṣọ rẹ̀, àpótí ti lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Kí wọ́n má gbàgbé iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí láti Lautaret, ẹsẹ̀ Galibier lódì kejì, sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, ọ̀nà ń gba inú ihò abẹ́ òkè. Wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ gíláàsì dúdú kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Akoto pọn dandan, àìní akoto ni àìjáde.

Kẹ̀kẹ́ tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú nínú páálí ń mú wàhálà tirẹ̀ dé. Kí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ tàbí páálí tí wọ́n ká sí àárín páàdì dísíìkì kí wọ́n tó dì í. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fún bíréèkì, páàdì méjèèjì á pàdé, dísíìkì ò ní wọlé mọ́. Irin kékeré tó gbé apá gíà ẹ̀yìn rọ̀ ló máa ń tẹ̀ jù. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í hàn. Ìgbà tí wọ́n bá dé ibi tó dà, tí wọ́n fa gíà tó rọrùn jù, ni apá náà á kó sínú sípókì. Irin yìí kì í bára mu láti kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn, n kò lè kó gbogbo irú rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, nítorí náà kí wọ́n ra ọ̀kan sí i mú wá. Ṣéènì, tíúbù, táyà, páàdì, wáyà, kẹ̀kẹ́ àpọ́jù kan, gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ mi. Bóòtù tó mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́, Nm 5 ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń fún bóòtù), wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹni tó fi agbára fún kábọ̀nù ti sán an, yálà ó rí i tàbí kò rí i.

Táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 28, fún ẹni tó wọn kílò 75: atẹ́gùn inú rẹ̀, bar 5 níwájú, 5.3 lẹ́yìn. Bí ríìmù bá jẹ́ irú èyí tí kò ní ìkọ́ létí inú, 5 ni òpin, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Kí wọ́n má fọn ọ́n dé 8 bí ìṣe àtijọ́. Táyà tó le bí òkúta kò di ilẹ̀ mú nínú òjò.

Ìwé ìrìnnà wọn, wọ́n á ṣe é fúnra wọn. Ìbánigbófò tí físà Schengen, èyí tí a fi ń wọ ilẹ̀ Faransé, ń béèrè kò gbọdọ̀ dín sí 30,000 euro, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà pé ṣé ó kan kẹ̀kẹ́ gígùn lórí òkè àti gbígbé èèyàn pẹ̀lú hẹlikópítà. Kí wọ́n gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì níbí, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù.

Bí wọn kò bá ní òkè lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa kọjú sí atẹ́gùn, kí wọ́n fa gíà tó wúwo, kí ẹsẹ̀ máa yí bí 60 fún ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wákàtí 3 tàbí 4 lórí ìjókòó láìsọ̀kalẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti ń lérí pé àwọn kò nílò ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá.

Ó tán, mo ti ṣe tèmi. Ẹ bá mi sọ òtítọ́ fún ọ̀gá yín kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ òtítọ́ kan náà fún Màmá: bíréèkì èèyàn 14 ló ń kọjá lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó jáde láràárọ̀. Mo ti ní owó páànù ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejì, ṣé igi àjà ni ẹ fi rà ní tòótọ́? Nínú lẹ́tà méjèèjì, ẹ kò dárúkọ rẹ̀. N kò bínú, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ má gbàgbé eyín gíà yẹn o.

Èmi ni,
Àbúrò yín