Kí Ohùn Ọrùn Gìtá Rẹ Lè Yọ Ketekete

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ará ilé ńkọ́? Àlàáfíà ni èmi wà níbí, àárò rẹ nìkan ló ń sọ mí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti gbọ́ orin tí o gbà sílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo gbọ́ ọ, tí mo ki íápíìsì bọ etí, tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ sí i gan-an, inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tó dùn mí: ibi tí o ti kúrò lórí pickup (nǹkan tó ń gbọ́ okùn gìtá tó ń gbọ̀n, tó ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí amp, ẹ̀rọ agbóhùnsókè) ìdí bridge, níbi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá, tí o bọ́ sórí ti ọrùn. Ohùn márùn-ún ló wà nínú kọ́ọ̀dù tí o tẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo mọ bí ìka rẹ ṣe ń rìn, síbẹ̀ méjì péré ni etí mi rí mú. Ìyókù wọnú ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi aṣọ bo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ohùn tó sọnù yẹn gan-an ló máa ń mú kọ́ọ̀dù rẹ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

O ní kí n dárúkọ humbucker, ìyẹn pickup oní-kọ́ìlì méjì (kọ́ìlì ni wáyà tí a wé yípo), tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, tí o lè rà sí ọrùn gìtá náà. Màá dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì náwó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọ.

Nígbà tí ohùn ọrùn gìtá tèmi ń ṣú bíi tìrẹ yìí, pickup ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo ra tuntun, mo yọ ti àtijọ́, mo yọ́ òjé, mo jó tuntun mọ́ ọn, mo ta okùn tuntun sí i, mo tan amp. Ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ kò tó nǹkan. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tan ara mi pé ó ti dára sí i. Nígbà tó yá ni mo da gìtá náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, mo tú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Lára pọ́ọ̀tù fólúùmù, ìyẹn nǹkan roboto tó wà lábẹ́ nọ́bù tí à ń yí, mo rí nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sí i: 250K, ìyẹn kilohm 250, ìwọ̀n bí ó ṣe ń dènà iná tó. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára ti tone, nọ́bù tí à ń fi dín ohùn òkè kù. Ibẹ̀ ni ohùn mi ń gbà jò dànù! Pọ́ọ̀tù 250K bá pickup oní-kọ́ìlì kan mu, nítorí pé ohùn irú pickup bẹ́ẹ̀ ti mú jù láti ìbẹ̀rẹ̀. 500K ni humbucker ń fẹ́. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ohùn òkè ṣe ń ráyè sá lọ kó tó dé inú amp. Mo pààrọ̀ pọ́ọ̀tù méjèèjì sí 500K, mo sì dá pickup àtijọ́ tí mo ti kó sínú àpótí padà sáyè rẹ̀, kí n lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ó dún bí agogo. Òun ló wà níbẹ̀ títí di òní.

Tú ìdérí tìrẹ náà wò. Bí o bá rí 500K níbẹ̀, má tíì gbà á gbọ́, fi mítà (ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná) wọ̀n ọ́n, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i àti iye tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà dọ́gba. Mo ti wọn èyí tó pe ara rẹ̀ ní 500K tí mítà sì pè é ní 420. Èyí tó bá lé ní 500 díẹ̀ ni kí o fi sí ọrùn, kí o fi èyí tó kéré sí bridge, níbi tí ohùn ti mú tẹ́lẹ̀.

Wàá béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọrùn ló máa ń ṣú. Wo okùn gìtá rẹ nígbà tó bá ń gbọ̀n. Ní ìdí bridge, ó le, kò ráyè fì, ìdí nìyẹn tí ohùn ibẹ̀ fi tín tó sì mú. Ní ọrùn, ó ń fì gbàgàdà, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń pọ̀ jù níbẹ̀. Tún wá fi ti humbucker fúnra rẹ̀ kún un. Seth Lover ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ gìtá Gibson, ọdún 1955 ló sì kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ohun tó ń lé kiri ni ariwo kíkùn tí iná mànàmáná máa ń fà sínú pickup. Ó to kọ́ìlì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yí ọ̀kan padà lódìkejì èkejì, tó fi jẹ́ pé ariwo tó bá gba inú ọ̀kan wọlé, èkejì á pa á, ohùn okùn nìkan ni yóò dara pọ̀ mọ́ra. Mo ti ronú lórí ọgbọ́n yìí títí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì méjì ń gbọ́ okùn lójú ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ohùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lókè pátápátá sì máa ń pa ara wọn rẹ́ láàárín wọn. Wáyà rẹpẹtẹ tó wà níbẹ̀ náà tún ń ká ohùn òkè lọ́wọ́ kò. Humbucker tó wà ní ọrùn ti rù tó láti ilẹ̀ wá, kí a má tún gbé ẹrù mìíràn lé e.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, mú súkúrúdiráfà àti rúlà. Tẹ okùn tó nípọn jù ní fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) tó kẹ́yìn, kí o wọn àlàfo tó wà láàárín abẹ́ okùn náà àti ojú pickup. Bí kò bá ju mìlímítà méjì lọ, ó ti sún mọ́ ọn jù. Sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi mẹ́ta, àní kí o tiẹ̀ lọ sí mẹ́ta àbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ okùn tó nípọn. Ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ díẹ̀, má bẹ̀rù, fólúùmù amp wà fún ìyẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn súkúrù mẹ́fà tó wà lójú pickup, yí àwọn tó wà lábẹ́ okùn tín-ín-rín sókè, ìlàjì ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kí o máa lu kọ́ọ̀dù kan náà bí o ṣe ń yí i. Nígbà tí mo ṣe tèmi, okùn B (ìkejì nínú àwọn tó tín jù) tó máa ń sọnù nínú kọ́ọ̀dù yọrí lójijì, bí ẹni tó ti ń wá ọ̀nà àtisọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kàn jókòó, mo ń lu kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo yẹn ní ìgbà bí ogún.

O tún sọ pé kébù gígùn lò ń lò, èyí tó ti ọ̀dọ̀ rẹ dé òdìkejì yàrá. Gbogbo mítà kébù ló ń bù jẹ lára ohùn òkè. Yá èyí tí kò ju mítà mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ẹnì kan, kí o fi gbọ́ ìyàtọ̀. Ti okùn tó ti pẹ́ lára gìtá, tó máa ń mú kí ohùn ṣú, o ti mọ ìyẹn.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí ohùn náà sì ṣì ń ṣú, ó yá, jẹ́ ká ra pickup.

Àwọn tó ń ta pickup fẹ́ràn àtimáa pariwo iye kilohm. Má jẹ́ kó gbé ọ lọ, aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Bí wáyà ṣe gùn tó àti bí ó ṣe tín tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í sọ bí ohùn ṣe rí. Bí nọ́ńbà wáyà bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń tín tó: wáyà 43 tín ju wáyà 42 lọ. Bí a bá wé iye ìyípo kan náà lára méjèèjì, ti 43 ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ga jù. Láàárín àwọn tí wọ́n fi wáyà 42 ṣe, a ṣì lè fi nọ́ńbà náà ṣe atọ́nà: fún ọrùn, 7 sí bíi 7.7 ni mo máa ń wò. Èyí tó bá ti lé ní 8.5, bridge ni mo máa ń kà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ṣe é bá kọ iye henry (ìwọ̀n bí kọ́ìlì ṣe ń dènà ohùn òkè tó) sí i, òun ni kí o gbára lé. Bí henry bá ṣe ń dín kù ni ohùn ń mọ́ sí i. Ohun tó jẹ́ kí Filter'Tron tí Ray Butts ṣe fún ilé iṣẹ́ gìtá Gretsch máa dán nìyẹn: wáyà rẹ̀ kò pọ̀, kilohm rẹ̀ kò ju bíi 4 lọ, humbucker gidi sì ni. Mini-humbucker tí wọ́n fi sára gìtá Les Paul Deluxe ní 1969 náà ń mọ́, torí ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ibi kékeré ló ń gbọ́ lára okùn. Mo fẹ́ràn méjèèjì dọ́kàn, àmọ́ ihò gìtá rẹ kò bá wọn mu bó ṣe wà, mi ò sì ní gbà kí o gbẹ́ igi gìtá yẹn láé.

Ní ti mágínẹ́ẹ̀tì inú pickup, irú tí wọ́n ń pè ní Alnico 5 ni mo fẹ́ fún ọ. Alnico 2 dùn, ó rọ̀, ẹni tó bá ń lu ohùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sunkún máa gbádùn rẹ̀. Fún kọ́ọ̀dù tìrẹ tó kún bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti rọ̀ jù. Alnico 5 lágbára jù ú lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró gírígírí, ti òkè sì ń yọ. Bí pickup náà bá ní ìbòrí irin, rí i pé nickel silver ni, kì í ṣe idẹ, torí idẹ máa ń pa ohùn òkè.

Bí o bá ní kí n dárúkọ ẹyọ kan péré, Seymour Duncan Jazz ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ọrùn. Alnico 5 ló wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ki, o lè ka ohùn inú kọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹ́ kó mọ́ jùyẹn lọ, Humbucker From Hell ti DiMarzio wà, àmọ́ èyí máa ń sún mọ́ ohùn pickup oní-kọ́ìlì kan. Èrò tèmi ni pé kí o mú Jazz. O ṣì fẹ́ kí ọrùn jẹ́ ọrùn, kó ní ara díẹ̀.

Èyíkéyìí tí o bá rà, èyí tó ní wáyà mẹ́rin ni kí o mú. Ti Duncan, dúdú ló ń lọ sí pọ́ọ̀tù, funfun àti pupa ni kí o so pọ̀, aláwọ̀ ewé àti wáyà ìhòòhò ń lọ sí ilẹ̀ iná (ground). Ti DiMarzio kò rí bẹ́ẹ̀: pupa ló ń lọ sí pọ́ọ̀tù, dúdú àti funfun ni wàá so pọ̀. Má fi ti ọ̀kan ṣe èkejì. Tí o bá wá fi súìṣì sí àárín tí ohùn méjèèjì tín bíi ti rédíò kékeré, pickup rẹ ò bàjẹ́, wọ́n ń ta ko ara wọn ni. Pààrọ̀ ààyè dúdú àti aláwọ̀ ewé lára Duncan náà, fi wáyà ìhòòhò sílẹ̀ níbi tó wà. Wáyà mẹ́rin yẹn náà ni wàá lè fi so kọ́ìlì méjèèjì ní parallel (lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dípò kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì) lọ́jọ́ iwájú bí o bá fẹ́: agbára rẹ̀ á dín, ohùn rẹ̀ á mọ́ fírífírí, kò sì ní máa kùn.

Kọ iye mìlímítà tí o bá bá lábẹ́ okùn ránṣẹ́ sí mi, àti nọ́ńbà tó wà lára pọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ pickup náà kalẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, gba kọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn márààrún.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́