Àbẹ̀kẹ́, lọ tún àwòrán yẹn wò

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa àwòrán Chardin yẹn, ayàwòrán Faransé ayé àtijọ́, èyí tó pè ní Le Bénédicité, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀bù kí kọ́sítọ́mà tó dé. O ní ìyá yẹn ń fìyà jẹ àwọn ọmọ ni, pé ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi pa rọ́rọ́. Háà! Ìyà wo? Oúnjẹ ló fẹ́ bù. Wo ọmọ kékeré iwájú yẹn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó gbójú sókè sí ìyá, ìyá náà ń wò ó, ó ń dúró kó parí àdúrà oúnjẹ, orúkọ àwòrán gan-an nìyẹn. Bí tiwa ní Kétu nígbà tí a wà ní kékeré ni, màmá mi ò ní bu ọbẹ̀ fún ẹ títí o fi máa sọ Bísímílà, àbúrò mi á gbàgbé, á wá máa wo ẹnu màmá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀rín ni màmá á máa rín, kì í nà án.

Ìlù kékeré tó wà lára àga yẹn ńkọ́? O ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Eré ni ọmọ yẹn ń ṣe tí wọ́n fi pè é wá jẹun. O sì kọ "ọmọbìnrin méjì" torí gáùn, rọra o, láyé ìgbà yẹn ní Faransé, ọmọkùnrin kékeré náà ń wọ gáùn, ìlù yẹn sì lè jẹ́ ìlù ọkùnrin. Sọ pé ó ṣeé ṣe, má búra.

Èmi tí mo ti ń ya fọ́tò ní Àjàṣẹ́ láti ìgbà tí a ṣì ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kò sẹ́ni tó wojú wa níbẹ̀. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi á na ọrùn, á to ẹnu jọ, torí ó mọ̀ pé mò ń wo òun. Àwọn wọ̀nyí ò mọ̀ pé ẹnì kankan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ tí o ń wá kiri wà.

Ti ọba Louis 15 tí wọ́n fún láwòrán náà ní 1740, àti Louvre, ilé àkójọ àwòrán ní Paris, tí àwòrán náà wà báyìí, ìlà kan ti tó, o lo odidi ojú ewé kan lé e lórí, íntánẹ́ẹ̀tì ló sọ ìyẹn, kì í ṣe ojú ẹ. Kọ ohun tí o rí ná, kí o tó wá kọ ohun tí o rò, má lọ̀ wọ́n pọ̀ bí ata.

Tún un kọ kó tó di Jímọ̀, fi voice kà á sí mi lórí WhatsApp, ojú mi ò gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ìyá ẹ ní gààrí ẹ ti wà nílẹ̀, tí o bá ń bọ̀ láti Kútọnu kí o mú ike òfìfo dání.

Bàbá ẹ