Kúlà inú ọkọ̀ mi tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín

Ṣẹ́gun ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́, ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rín tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, o ní èmi tí mi ò lè lúwẹ̀ẹ́ n'Ìbàdàn ni mo dé ìlú òyìnbó tí mo ra ọkọ̀ ojú omi, tí mo tún wá ń kan kúlà sínú ẹ̀. Rẹ́rìn-ín ẹ tán o, torí àlàyé pọ̀.

Westerly Centaur lọkọ̀ yẹn, onígbòkun, ẹsẹ̀ bàtà 26, irú èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1969 sí 1980, tèmi 1974 ni, ẹ̀gbọ́n èmi àti ẹ ni, mo sì rà á lówó tí ò tó ti mọ́tò ẹ yẹn. Ẹsẹ̀ méjì ló ní nísàlẹ̀, tí omi odò Medway tí mo gbé e sí níbí bá ti fà lọ, tó ku ẹrẹ̀ nìkan, ńṣe ló máa dúró gbagidi bí adìyẹ tó ń ronú, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan á ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Inú ẹ̀ ni wàhálà wà. Mo ti tú gbogbo ẹ̀ pátá, ibùsùn, pákó ara ògiri, sínkì. Mo bá àpótí yìnyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ìgbà tí mo fi ayùn la ojú ẹ̀, fómù inú ẹ̀ ò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ó ti mu omi bíi kànìnkànìn, òórùn ẹ̀, ká má sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ìwọ tó ò ń tún fíríjì ṣe máa ní kí ló dé tí mi ò ra fíríjì oníkọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kí n sinmi. Bátìrì ni o. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbé iná, rédíò àti ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó, tí fíríjì bá tún ń mu nínú ẹ̀ tọ̀sán tòru, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì a ti wà nínú òkùnkùn, ká kúkú sọ pé Mọ́kọ́lá la wà.

Ihò tí mo ní fún kúlà, sẹ̀ǹtímítà 60 ní 55 ní 60, ó tó lítà 198, inú mi dùn, mo ní ọjà ọ̀sẹ̀ méjì ni màá kó sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wá ní fómù gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 yí ká, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, títí kan ìdérí. Gé mẹ́wàá mẹ́wàá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, lókè àti nísàlẹ̀, kó o wò ó, ó ku 40 ní 35 ní 40, lítà 56! Ìyàwó mi yọjú wò ó, ó ní ṣé torí ìkòkò ọbẹ̀ kan àti mílíìkì lo ṣe ń fi gbogbo Sátidé sá nílé.

Fómù líle aláwọ̀ búlúù ni mo lò, XPS, torí kì í mu omi bọ̀rọ̀, ìpele méjì, mi ò sì jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé bá ara wọn mu kí òtútù má baà rí ọ̀nà sá. Ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí róńdó bí ikùn ìkòkò, páálí ni mo ń gé, mo ń tì í wọlé, mo ń yọ ọ́, mo ń tún un gé, kí n tó gbé ayùn lé fómù.

Wá gbọ́ ibi tí mo ti bà á jẹ́. Mo ní résìn polyester, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń gan, tó ṣẹ́kù látìgbà tí mo lẹ ihò kan lókè ọkọ̀, mo ní kí n má ra òmíì, owó ni mò ń ṣọ́. Mo po ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára fómù, mo yíjú kí n mú aṣọ fáíbà tí mo fẹ́ fi bò ó, ni mo bá ń gbọ́ nǹkan tó ń ṣe ṣìì ṣìì. Mo wẹ̀yìn, fómù ń rì wọlé, Ṣẹ́gun, ó ń yọ́ bí ṣúgà nínú ògì gbígbóná, títí mo fi ń rí pákó tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì, mi ò lè sọ̀rọ̀. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ styrene ló wà nínú résìn yẹn, styrene náà ni wọ́n fi ṣe fómù, àṣé ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀kan ń jẹ ìkejì. Epoxy, irú résìn míì, ló yẹ kí n lò, ó wọ́n gan, ṣùgbọ́n kì í bá fómù jà.

Òun náà níwà tiẹ̀ o, tó o bá po púpọ̀ sínú ife kan, fúnra ẹ̀ lá á gbóná títí á fi máa rú èéfín, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń po ó sínú abọ́ pẹrẹsẹ. Ti àwọn igun inú, mo po ìyẹ̀fun kan mọ́ ọn títí tó fi ki bí àmàlà, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí fà á kó rí róńdó, kí ìdọ̀tí má ríbi sá sí. Ṣíbí ìyàwó mi ni, má sọ fún un.

Òkè ni mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sí. Ìwọ lo kọ́ mi nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ, pé atẹ́gùn tútù wúwo, pé fíríjì tó bá ń ṣílẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ẹni ló ń da òtútù sí. Ihò tí omi ń gbà jáde náà, mo ká páìpù ẹ̀ bíi ti abẹ́ sínkì kí omi díẹ̀ máa há síbẹ̀, gálọ́ọ̀nù ló ń kán sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀, torí tí omi ẹja bá fi lè débẹ̀ o ò ní lè sùn nínú ẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe ń tẹ fómù yẹn wọlé, Màmá ni mò ń rántí, nígbà tí wọ́n ń ta yìnyín, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n máa ń rán wa lọ kó ní sọ́míìlì, tí wọ́n á dà á bò ó, tí wọ́n á tún fi àpò ìdọ̀họ wé e, tí wọ́n á máa lé wa kúrò nídìí ẹ̀ pé ká yéé ṣí i wò. Ọ̀fẹ́ ni sọ́míìlì ń fún wọn o, èmi wá ń san pọ́n-ùn.

Jímọ̀ tó kọjá mo kó yìnyín kílò 10 sí i láàárọ̀, oòrùn sì ń mú lóòótọ́, ó di ọjọ́ Túsìdeè kó tó ku omi tútù àti ègé kan tó tó ẹyin adìyẹ. Ọjọ́ mẹ́rin! Mo pariwo, bàbá tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi rò pé mo ti já sódò.

Nǹkan méjì ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Mo fi rọ́bà yí ẹnu ìdérí ká, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi pépà há a bó o ṣe máa ń fi náírà ṣe sẹ́nu fíríjì àwọn kọ́sítọ́mà ẹ, igun kan wà tí pépà ti ń yọ wọ́ọ́rọ́. Ṣé kí n fi rọ́bà míì kún un ni àbí kí n tú gbogbo ẹ̀ kí n tún un lẹ̀? Bá mi bi Màmá náà, tí yìnyín bá ń yọ́, ṣé kéèyàn máa fa omi ẹ̀ kúrò ni àbí kó fi sílẹ̀, torí àwọn ọlọ́kọ̀ ibí ń jà lórí ẹ̀, kálukú ló ní tòun ló tọ́. Fi ohùn ránṣẹ́, yọ ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
Àkànní